Ìjáyà

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bà mí nínú jẹ́ lórí rédíò láìpẹ́ yìí. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó kó kúrò ní Ìkòròdú láàárín 2016 sí 2017, nígbà tí àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ pa tọkọtaya àtọmọ lójú oorun. Ó ní "àrùn ọpọlọ" ló kù sí wọn lára. Ó tún pe ọpọlọ náà bí ẹni ń pe ọ̀pọ̀lọ́ tí ń fò lẹ́bàá kòtò. Àṣìṣe ohùn ṣeé tún ṣe. Àṣìyàn ọ̀rọ̀ ló dùn mí.

Ẹni tó ń ta gìrì lóru bí ajá bá gbó, Yorùbá ti sọ ohun tó ń ṣe é lórúkọ tipẹ́: àyà rẹ̀ ló já. Inú àyà là ń tọ́jú ìgboyà àti ẹ̀rù sí. Ẹni tó gbójú, aláyà ni. Ẹni tí wọ́n dẹ́rù bà, wọ́n pa á láyà. Létí tèmi, ìpayà jẹ́ ti ewu tó wà níwájú. Ìjáyà lè wà lára fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn tí ewu ti lọ. "Já" inú rẹ̀ náà ni ti okùn. Okùn tó já kò jẹrà. A lè so ó padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ yóò máa kan kókó rẹ̀.

Kì í ṣe Ìkòròdú nìkan. Ẹ̀pẹ́ náà kì í ṣe àlejò ìjáyà. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní December 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ padà fi ṣe ibùdó. Èkó Ẹ̀pẹ́ là ń pe àrọ́mọdọ́mọ wọn dòní. Ní 2017, ọmọ iléèwé 6 tí wọ́n jí gbé ní Igbóńlá, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ kan náà, lo ọjọ́ 64 lọ́dọ̀ àwọn ajínigbé. Òbí wo ni àyà rẹ̀ kò ní já?

Àwọn olùwádìí pàápàá gba ọ̀nà ara wọlé. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo ti ilé ìwòsàn Àró, l'Ábẹ́òkúta, àti àwọn ará Yunifásítì Cornell ń wádìí àìlera ọpọlọ lábúlé, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1963, wọ́n bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń sùn, bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí àyà wọn ṣe ń lù. Bi ẹni tó sá fógun bóyá ó ní àrùn ọpọlọ, wèrè ni yóò gbọ́, yóò sì panu mọ́. Bi í bóyá àyà rẹ̀ ṣì ń já, yóò jókòó tì ọ́, yóò sọ tẹnu rẹ̀.

Mo gbà pé "àìlera ọpọlọ" ti borí nílé ìwòsàn àti nínú ìwé ìròyìn. N kò bá a jà mọ́. Orúkọ agboolé ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú agboolé ló ní orúkọ tirẹ̀. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ìjáyà ní ìjáyà, kí ẹni tó ń bá fínra má baà tijú àtilọ gba ìtọ́jú.