Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fetí sílẹ̀. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà lọ́dún 2001, àwa àgbà yọ̀. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ l'Ékòó kò ní láti rán ẹnikẹ́ni sábúlé mọ́ kí ìyá rẹ̀ tó gbọ́. N kò bú fóònù. Lílò rẹ̀ lójú títì ló ń kọ mí lóminú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí dírẹ́bà bá fi ìṣẹ́jú àáyá 5 péré ka àtẹ̀jíṣẹ́, ó ti rin ju mítà 110 lọ. Ọ̀pọ̀ pápá bọ́ọ̀lù kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Àkókò yẹn tó kí ọmọ iléèwé bọ́ sójú títì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Níbo ni tìrẹ wà?

Òfin ka fífi ọwọ́ gbé fóònù nídìí ọkọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sì lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ. Má sì sọ pé wáyà lo fi sétí. Ọwọ́ lè ṣófo, kí ọkàn ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń pè.

Ṣùgbọ́n dírẹ́bà nìkan kọ́ ni mo ń bá wí. Ìwọ tó pè é ńkọ́? Bó o bá ti mọ̀ pé ó ń wakọ̀, sọ pé, "Tó o bá dúró, pè mí," kó o sì pa fóònù. Ẹ̀yin èrò ọkọ̀, ẹ má dákẹ́. "Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀!" Bó bá bínú, ìbínú rẹ̀ sàn ju ọ̀fọ̀ lọ.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ya fọ́tò ẹni tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè wà nílé tó ń sebẹ̀ dè é. Ṣé orí fóònù ló ti yẹ kó rí i? Ẹ pe 112, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà. Iṣẹ́ tí fóònù wà fún nìyẹn.

Ẹni tó ń pè yín yóò tún pè. Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ délé ná.