Àròkọ Aṣàlàyé: Ọ̀nà tí Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Gbà àti Àkókò Ìrìnàjò Wọ Ìlú

Bí a bá ní kí o ṣàlàyé, kì í ṣe ìtàn ni a ní kí o sọ. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ́ a máa kọ pé ọkọ̀ ojú irin yára ju mọ́tò lọ, wọn a sì dúró síbẹ̀. Máàkì kékeré ni irú èyí ń gbà. Sọ ohun tó fà á, kí o sì fi àpẹẹrẹ gbè é lẹ́sẹ̀.

ÀWÒṢE ÀRÒKỌ

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọjà. Ojú irin tó wọ Èkó náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń mú ọkọ̀ tètè dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ náà ń gbà ṣe pàtàkì púpọ̀.

Èkínní ni iye ibùdó. Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ń rin kìlómítà 27 láti Agbádó dé Òyìngbò. Ibùdó mẹ́fà ló wà láàrin méjèèjì. Ká ní ìdúró kọ̀ọ̀kan ń jẹ ìṣẹ́jú 2, gbogbo rẹ̀ di ìṣẹ́jú 12. Bí ọkọ̀ bá fo mẹ́ta, yóò fi ìṣẹ́jú 6 yá sí i. Ṣùgbọ́n èrò tó ń dúró ní ibùdó tí a fò yóò kàn máa wò ó bí ó ti ń lọ ni.

Èkejì ni àjọlò ojú irin. Red Line àti ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn jọ ń lo ojú irin ni. Bí ọ̀kan bá pẹ́, ó lè dá èkejì dúró. Blue Line, tó ń kó èrò láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láàrin Mile 2 àti Marina, ní ojú irin tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí ojú irin parí sí. Nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, Ìdó ni ìparí rẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó ń lọ sí Erékùṣù ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì wá bí yóò ṣe sọdá omi. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí gba orí afárá Carter lọ. Lónìí, ẹni tó bá sọ̀ ní Òyìngbò, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Marina, ṣì ní láti wọ ọkọ̀ mìíràn. Bí ó bá dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó rí bọ́ọ̀sì, èrè tó jẹ lójú irin ti wọmi.

Ní ìkádìí, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni à ń ka àkókò ìrìnàjò. Ìyá tó jí ní agogo mẹ́rin ìdájí nítorí iṣẹ́ agogo mẹ́jọ kò béèrè bí ọkọ̀ ti ń sáré tó. Ìgbà tí òun yóò dé ló fẹ́ mọ̀.

ÀKÍYÈSÍ

Kókó kan ṣoṣo ni ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé. Má ṣe da kókó méjì pọ̀, má sì ṣe mú kókó tuntun wọ ìkádìí.

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ṣàlàyé ohun mẹ́ta tó ń mú kí ìrìnàjò láti ilé rẹ dé ilé ìwé pẹ́ tàbí kí ó yá.