Ẹ Mọ Móòlù Kí Ẹ Tó Wá Ooru

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC ní Ìgbájọ, àti ẹ̀yin tí ẹ ti wọ Pólì ìlú wa, kẹ́mísìrì yìí kò le tó bí ẹ ṣe ń pariwo rẹ̀. Ìkánjú ni ìṣòro yín: ẹ ti ń ṣírò ooru nígbà tí ẹ kò tíì mọ iye móòlù.

Ẹ wo èédú inú àdògán. Ká kà á sí kábọ̀n pọ́ńbélé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eérú rẹ̀ ń ta kò wá. Gíráàmù 12 kábọ̀n ni móòlù 1. Tó bá jó tán, ooru 393.5 kJ ló ń tú jáde. Bí wọ́n bá fún yín ní gíráàmù 60, ẹ fi 12 pín in, ó di móòlù 5. Ẹ wá sọ 393.5 di púpọ̀ ní ìlọ́po 5: 1,967.5 kJ. Ooru ń jáde ni, nítorí náà ẹ fi àmì òdì síwájú iye ΔH, ìyẹn ìyípadà ooru. Àmì kékeré yẹn ń jẹ máàkì yín o!

Lítà omi 1, láti 25°C dé 100°C, ń gba nǹkan bíi 314 kJ. Lórí ìwé, èédú yẹn á mú omi tó ju lítà 6 lọ hó. Ẹ bi ìyá yín bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ ní ilé ìdáná. Ìkòkò àti afẹ́fẹ́ ti gba tiwọn.

Tí afẹ́fẹ́ kò bá tó, kábọ̀n kò ní jó tán. Móòlù 1 á mú 110.5 kJ péré wá, pẹ̀lú kábọ̀n mònọ́sáídì, gáàsì olóró tí kò ní òórùn. Tí òtútù ọyẹ́ bá dé sórí òkè wa, ẹ má gbé àdògán wọ yàrá sùn.