Orí Ni Kí Ẹ Wò: Ẹ̀kọ́ Gírámà fún Ẹni tí ó Fẹ́ Yí Kọ́ọ̀sì Padà

Lọ́dọọdún, bí orúkọ àwọn tí yunifásítì gbà bá ti jáde, gbólóhùn kan náà ló máa ń dún ní ọ̀pọ̀ ilé: "Medicine ni mo kọ, Biochemistry ni wọ́n fún mi." Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ẹ̀ka Linguistics, ẹni tí ó kọ Law kí ó tó bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn àbúrò wa tó wà ní sáyẹ́ǹsì ni mo ní lọ́kàn lónìí, nítorí wọ́n máa ń bi wá léèrè bóyá kí wọ́n dúró ni tàbí kí wọ́n kọjá sí ìṣègùn. Ẹ̀kọ́ gírámà ọdún kìíní lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá wọn lóhùn.

Orí àti ẹ̀yán

Ẹ rántí àpólà orúkọ. Nínú èdè Yorùbá, orí ló ń ṣáájú, ẹ̀yán a sì tẹ̀lé e. Ilé ìwé, ilé ni. Ìwé ilé, ìwé ni. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yán ló sábà máa ń ṣáájú, tí orí yóò sì gbẹ̀yìn. Bí ọmọ Yorùbá bá rí Biomedical Science, "medical" ló kọ́kọ́ kan ojú rẹ̀, ó sì lè rò pé irú ìṣègùn kan ni. Science ni orí rẹ̀. Bákan náà ni Medical Laboratory Science.

Ti Physiology àti Anatomy tún yàtọ̀. Kò sí ìṣègùn nínú orúkọ wọn rárá, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, College of Medicine ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn a sì máa wọ kóòtù funfun. Kí ọdún tó yí po, àwọn ará ilé ti ń pe ọmọ ní "dókítà wa." Kóòtù funfun kì í sọni di dókítà.

Ta ni yóò fún un ní ìwé àṣẹ?

Ohun tó ya àwọn oyè wọ̀nyí sọ́tọ̀ ni àjọ tó wà lẹ́yìn wọn. Ọdún 6 ni MBBS. Lẹ́yìn rẹ̀ ni housemanship ọdún 1, àjọ MDCN ló sì ń forúkọ dókítà sílẹ̀. Ọdún 5 ni BMLS, ìyẹn oyè Medical Laboratory Science. Àjọ MLSCN, tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, ló ń forúkọ àwọn tiwọn sílẹ̀. B.Sc. Biochemistry, Microbiology, Physiology tàbí Anatomy jẹ́ ọdún 4. Oyè gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó fúnni láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn nínú wọn, B.Sc. Biochemistry nìkan kò sì tó láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MLSCN.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba. Òfin ibẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pe ara rẹ̀ ní "biomedical scientist" àfi tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ HCPC.

Ẹ jẹ́ kí á ka ọdún

Ní 100 level, Physics, Chemistry àti Biology ni gbogbo wọn jọ ń ṣe. Láti 200 level ni ọ̀nà ti pínyà. Ìdí nìyí tí ìparí 100 level fi jẹ́ àkókò tó dára jù láti kọjá. Àmọ́ kí àbúrò mọ̀ pé MDCN ló ń pinnu iye akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà. CGPA gíga lè wà kí àyè má sí.

Bí ó bá kọjá sí 200 level, ọdún 6 náà ni. Bí ó bá tún JAMB ṣe tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 100 level, ó di 7. Bí ó bá parí B.Sc. kí ó tó gba Direct Entry sí 200 level, ọdún 4 àti 5, ó di 9, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá dá sí i. Ìlànà yunifásítì kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, nítorí náà ọ́fíìsì fákọ́tì ni kí ó ti bèèrè, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà hostel.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tàbí yàrá àyẹ̀wò?

Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní July 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh ló fura sí àìsàn arìnrìn-àjò tó ti Làìbéríà dé, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde nílé ìwòsàn. Àìsàn yẹn ló pa á ní August. Ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò ní LUTH àti ti Redeemer's University ni wọ́n ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ni. Ní March 2020, ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà ní Áfíríkà. Christian Happi tó darí iṣẹ́ náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, kì í ṣe dókítà ìwòsàn.

Nínú àwọn méjèèjì, ta ni àbúrò yìí ń rí nígbà tó bá ń ronú nípa ọjọ́ iwájú? Bí ó bá jẹ́ ẹni tó dúró ti aláìsàn, kí ó má ṣe gba Physiology bí ìdajì Medicine. Kí ó tètè wá ọ̀nà àtikọjá. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń wá ìdí àìsàn, ó ti wà níbi tó yẹ kó wà. Bí ó bá jẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti itọ̀ nílé ìwòsàn ló wù ú, Medical Laboratory Science ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í rántí rẹ̀ rárá. Bí ó bá sì jẹ́ pé orúkọ "dókítà" nìkan ló ń fà á, ọdún 9 pọ̀ jù fún orúkọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. B.A. Linguistics kò sọni di ẹni tó ń tọ́jú akólòlò. Ẹ̀kọ́ mìíràn wà fún ìyẹn.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ kọ orúkọ kọ́ọ̀sì àbúrò yín sílẹ̀. Ẹ fa ìlà sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kí orí lè ṣáájú, kí ẹ sì kà á sí òun àti àwọn òbí yín létí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jọ sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù.