Béèsì Kò Sí Lára Páálí: Ẹ̀kọ́ Lórí Ríra Hẹ́dífóònù Ńlá Pẹ̀lú Owó Tí Kò Pọ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀ mọ́ wa. Kì í ṣe lórí ajílẹ̀, kì í sì í ṣe lórí ìwé ìṣirò owó. Lórí hẹ́dífóònù ni, irú èyí tó tóbi, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi bo etí gbọ́ orin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Owó ilé wà nínú rẹ̀, etí ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tó fa ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní Iwopin, ẹni tí ń ta ẹja, wá bá wa. Ọmọ rẹ̀ ń ta gìtá béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òru nìkan ni àyè ń gbà á láti kọ́ orin, ṣùgbọ́n kò lè fi sípíkà kọ́ ọ, nítorí àwọn ará ilé ti sùn, àwọn apẹja ibẹ̀ sì ní láti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ra hẹ́dífóònù kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ béèsì gàdàgbà sí lára páálí rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ẹ̀gbẹ́ kan fi dákẹ́. Ó ra èkejì. Èyí ń dún gbù-gbù ṣá, kò jẹ́ kó mọ ìyàtọ̀ láàrin okùn kan àti èkejì. Ìgbà tó kan ẹ̀kẹta ni ìyá rẹ̀ wá béèrè fún owó yíyá. A ní kí ó fara balẹ̀ ná, kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

KÍ NI BÉÈSÌ?

Ìró tí ń gbọ̀n lọ́ra ni béèsì. Etí tó dá ṣáṣá lè gbọ́ ìró tí ń gbọ̀n láti ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n bí ìgbà 41. Sípíkà inú fóònù kéré jù láti gbé irú ìró bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mọ àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó kú ní 1983, mọ iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe nísàlẹ̀ orin. Òun ni òpó tí àwọn ìró yòókù fara tì. Bí a bá fi fóònù lásán gbọ́ ọ, ńṣe ló dà bí ilé tí òpó rẹ̀ ti wó.

TÌMÙTÌMÙ ETÍ NI KÍ Ẹ KỌ́KỌ́ WÒ

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú ẹ̀rọ nìkan ni béèsì ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí tìmùtìmù hẹ́dífóònù bá ṣe bo etí sí ni béèsì ṣe ń pọ̀ sí. Ẹ̀yin ará etí omi mọ̀ pé ihò kékeré tó láti kún ọkọ̀ fómi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo kékeré láàrin tìmùtìmù àti awọ ara tó láti da béèsì nù. Apá awò ojú, yẹtí ńlá, tàbí irun dídì lè dá irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yan èyí tó bo gbogbo etí, kì í ṣe èyí tó kàn jókòó lé e. Ẹ tún yan èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú ihò dára fún ẹni tó dá wà nínú yàrá tó dákẹ́, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ń jáde sóde, béèsì rẹ̀ kì í sì í sábà wúwo. Nínú ilé tí a ti ń sùn pọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń dún, èyí tó dí lẹ́yìn ló yẹ wá.

ÀWỌN NỌ́ŃBÀ ARA PÁÁLÍ

Ẹ ó rí 40 mm tàbí 50 mm. Ìyẹn ni fífẹ̀ sípíkà kékeré inú rẹ̀. Èyí tó fẹ̀ jù kì í fi dandan jẹ́ èyí tó ní béèsì jù. 40 mm tí a ṣe dáadáa sàn ju 50 mm tí a ṣe gbàrọ̀gùdù lọ. Ẹ ó tún rí i pé ó ń gbé ìró láti ibi báyìí dé ibi báyìí. Nọ́ńbà yẹn kò sọ bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe lágbára tó, nítorí náà ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e.

Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wò ni ti ohm. Èyí tó bá wà ní nǹkan bí 32 rọrùn fún fóònù láti gbé. Irú Beyerdynamic DT 770 Pro wà ní 80, ó sì wà ní 250. Ẹni tó bá ra oní-250 ní ọjà tòkúnbọ̀, tó sì kì í bọ fóònù, yóò rò pé ayédèrú ni, nítorí ohùn rẹ̀ yóò rẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó lágbára ju fóònù lọ ló ń béèrè.

Fún ẹni tó ń ta gìtá, oníwáyà ni kó rà. Bluetooth máa ń fi ìró falẹ̀ díẹ̀: ìka á ti ta okùn kí etí tó gbọ́ ọ. Gìtá fúnra rẹ̀ kò sì lè gbé hẹ́dífóònù. Ẹ fi owó àmpù kékeré tó ní ihò hẹ́dífóònù kún ìṣirò yín.

BÍ A ṢE Ń DÁN AN WÒ NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ

1. Ẹ mú fóònù tiyín lọ, pẹ̀lú orin tí ẹ mọ̀ dunjú. Ẹ má ṣe gba orin tí ọlọ́jà bá yàn.

2. Ẹ fi ohùn rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Béèsì gidi kì í sọnù nígbà tí ohùn bá rẹlẹ̀.

3. Ẹ fetí sí olórin. Bí béèsì bá bo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, ariwo ni, kì í ṣe béèsì.

4. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì díẹ̀. Bí béèsì bá pọ̀ sí i lójijì, tìmùtìmù náà kò bá orí yín mu.

5. Ẹ mi wáyà lọ́rùn, níbi tó ti wọ inú rẹ̀. Bí ìró bá ń já, ẹ dá a padà.

6. Ẹ béèrè bóyá wáyà àti tìmùtìmù ṣeé pààrọ̀. Ohun tó ṣeé tún ṣe ni ó dín owó.

Ẹ rántí pé inú ọ̀pọ̀ fóònù ni a ti lè bu béèsì kún un láìná kọ́bọ̀. Hẹ́dífóònù tó mọ́ létí ṣeé bu béèsì kún. Èyí tó ti dàrú kò ṣeé fọ̀ mọ́.

ETÍ KÒ NÍ ÀPÀÀRỌ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa wúwo sí jù. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà lélẹ̀ pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ju ìwọ̀n ìró 80 decibel fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 ni. Bí ìró bá fi 3 lé sí i, àkókò yóò dín sí ìdajì: 83 fún wákàtí 20, 86 fún wákàtí 10. Hẹ́dífóònù tí kò bo etí dáadáa ni ó ń mú kí ọmọ máa fa ohùn sókè láti wá béèsì tó ti jò lọ. Nítorí náà, èyí tó bá etí mu ń ṣọ́ owó, ó sì ń ṣọ́ etí. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn orin, ìkìlọ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi í sétí lórí ọ̀kadà tàbí nínú ọkọ̀ ojú omi, níbi tí ìpè kan lè gba ẹ̀mí là.

IPA TI ẸGBẸ́

Àwọn àgbà ní, ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Owó yíyá ti ẹgbẹ́, fún òwò, oko àti ilé ìwé ni ó kọ́kọ́ wà. Fún irú nǹkan yìí, ẹ dá owó díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bíi mẹ́fà bá ń fẹ́ ẹ, kí wọ́n rán ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì jọ rà á. Nítorí ọjà tí kò ní àbùlà ni àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844 fi kó owó jọ. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ọdún 2018 ló dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì ń rojọ́ láìní ẹlẹ́rìí.

Ìyá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan kò yá owó mọ́. Ó dá owó fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ rẹ̀ dán mẹ́rin wò ní ṣọ́ọ̀bù kan, kò sì ra èyí tí páálí rẹ̀ pariwo jù. Ó ti ń kọ́ orin rẹ̀ lóru báyìí, ilé sì ń sùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí tìmùtìmù fi ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà ara páálí lọ?

2. Nǹkan wo ni ẹ ti rà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹ kò dán an wò lẹ́ẹ̀kan?

3. Ọjà wo ni ẹgbẹ́ yín lè jọ rà lọ́dún yìí?