ÌRÌ TÍ Ó Ń WÓ ÒKÈ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí a bá ń pa òwe yìí nílẹ̀ wa, aláìmúra ni a fi ń bá wí. Ṣùgbọ́n ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, ìrì gan-an a máa pa ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ kàwé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yóò sì pè wọ́n lọ sórí òkè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Yìnyín ni mo pe èyí tí ó le bí òkúta. Òjò dídì ni mo pe èyí tí ó fúyẹ́, tí ó funfun bí òwú. Bí òjò dídì bá ya lẹ́ẹ̀kan náà láti orí òkè, ìyalulẹ̀ ni mo pè é.

Bí òjò dídì ti ń rọ̀ ni ó ń to ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele. Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́, ìrì a máa dì sí ojú rẹ̀ bí ìyẹ́ wẹ́wẹ́ tí ń dán. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n kò lágbára. Bí òjò dídì mìíràn bá rọ̀ lé e, ẹrù wúwo ti jókòó lórí ìpìlẹ̀ ẹlẹgẹ́ nìyẹn. Ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bá ti tó dígírì 30 sí 45 ni ewu pọ̀ sí jù. Ìwúwo ẹnìkan ṣoṣo tó láti ṣẹ́ ìpìlẹ̀ náà. Nínú ìyalulẹ̀ 10 tí ó pa ènìyàn, nǹkan bí 9 ni ó jẹ́ pé olóògbé fúnra rẹ̀ tàbí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó fa á.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tunnel Creek, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, 2012. Ìrì ti dì, òjò dídì sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn aṣàyẹ̀wò ti kìlọ̀ pé ewu pọ̀. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kan tí ó tó ènìyàn 16, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ògbóǹtagí, gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́ta kú. Lẹ́yìn náà, àwọn kan sọ pé ọkàn àwọn kò balẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò sọ ọ́ síta.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà. A máa ń sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àgbájọ ẹsẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni là; ẹrù ni ó ń dì kún ẹrù. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ṣoṣo máa kọjá lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ìyókù dúró níbi tí kò léwu, kí wọ́n máa wò ó. Bí ẹ bá gbọ́ ìró gbì lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí tí òjò dídì bá là níwájú yín, ẹ padà. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá sì já, kí ó sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ òun ni ó kéré jù.

Ṣùgbọ́n bí òjò dídì bá bo ẹnìkan mọ́lẹ̀, òwe náà di òtítọ́. Bí a bá wú u jáde láàrin ìṣẹ́jú 10, ìrètí ṣì pọ̀. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú 30, ó ti dínkù gidigidi. Kò sí olùrànlọ́wọ́ tí yóò ti ìlú dé kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó bá a lọ ni yóò wú u. Nítorí náà, kí olúkúlùkù ní ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àmì ránṣẹ́ lára, kí ó ní ọ̀pá gígùn tí a fi ń wá ènìyàn, kí ó sì ní ṣọ́bìrì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ojú funfun òkè kò sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó gun òkè.