Ìpinnu Ọrọọrún

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó pa òwe yìí kò ní kí babaláwo dífá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó wá káwọ́ gbera. Ọjọ́ Ifá á pé, babaláwo á tún gbé ọpọ́n kalẹ̀, á tún bi Ifá léèrè ohun tó ti yí padà láti ìjọsí. Ọjọ́ márùn-ún ni, bí a bá ka òní mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ ọjà títí dòní ní ọ̀pọ̀ ìlú wa.

Tiwa yàtọ̀. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá la máa ń da gbogbo ìpinnu ọdún jọ sójú kan. Mo máa dín ara kù. N kò ní mu mínírà mọ́. Mo máa jí gbàdúrà lóròòru. N kò ní bínú mọ́. Kí oṣù Kejì tó rìn jìnnà, ara ò dín, mínírà ti padà sínú fíríìjì, ìbínú sì ti gba ààyè rẹ̀ àtijọ́. Irọ́ kọ́ lèèyàn pa lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó padà wá bi í léèrè ni, òun alára kò sì bi ara rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ dá lábàá kò ju èyí lọ: ìpinnu lórí ara, ìpinnu lórí ọkàn, ìpinnu lórí ẹ̀mí, ẹyọ kan péré fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kéré débi tí ojú á fi lè rí i, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rọọrún. Ẹni tó bá rọ̀ lọ́rùn láti ṣe tirẹ̀ ní Jímọ̀ sí Jímọ̀ tàbí Sátidé sí Sátidé, kò burú. Kó ṣáà má jẹ́ ọdọọdún.

Ìlera loògùn ọrọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ ara bẹ̀rẹ̀. "Mo fẹ́ kí ara mi le" kì í ṣe ìpinnu, àdúrà ni. Ká mú aránṣọ kan tó ń jókòó ti maṣíìnì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀bù, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń gbé e bọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá sọ 150 ìṣẹ́jú fún aránṣọ yìí, á rẹ́rìn-ín, á ní aṣọ ayẹyẹ ń dúró de òun. Ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níbi tó kù ìrìn ìṣẹ́jú 15 kó dé ṣọ́ọ̀bù, tó sì tún fẹsẹ̀ rìn ín padà lálẹ́, ọjọ́ márùn-ún ti pé 150 fún un, owó ọkọ̀ sì tún dín. Ìrìn tí mo ń wí kì í ṣe ìrìn ìyàwó o. Bí ẹ bá ń rìn tẹ́ ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin kò ní ṣeé kọ, ó ti tó nìyẹn.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bó bá jẹ́ oúnjẹ lẹ fẹ́ fi ṣe ìpinnu ara dípò ìrìn, nínú gbogbo ohun tó ń gba ọ̀fun kọjá, iyọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí pé òun la kì í rí. Àjọ yẹn kan náà ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò ju ṣíbí ìpotíì kan tó pẹ́rẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ wà nínú mágí, ó wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú indomie àwọn ọmọ. Obìnrin tó ń dáná fún àgbàlagbà mẹ́rin lè wọn iyọ̀ ọjọ́ náà sínú abọ́ kékeré kan láàárọ̀, ṣíbí ìpotíì méjì péré, kó gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ààrò, kó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún mágí àti búrẹ́dì tó ti gbé tiwọn wá látòde. Bí iyọ̀ abọ́ bá tán kí ọbẹ̀ alẹ́ tó kúrò lórí iná, ojú rẹ̀ á là sí ibi tó ń gbà lọ. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ pa mọ́, àlùbọ́sà, ata àti ewé efinrin á gba iṣẹ́ ṣe lọ́wọ́ iyọ̀. Ahọ́n á ṣàròyé níbẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, á dákẹ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí iyọ̀ àjẹjù lè fà, kì í pariwo. Orí lè má fọ́ni, ojú lè má ṣú, kí ó máa ba ọkàn àti kíndìnrín jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ má dá ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lóhùn ọ̀rọ̀ òṣèlú. Bó bá ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn, agbo kọ́.

Ti ọkàn ló ṣòro jù fún wa. Bí èèyàn bá sọ pé ọkàn òun kò balẹ̀, àwọn kan á ní kó lọ gbààwẹ̀, àwọn kan á ti máa rò ó pé wèrè fẹ́ mú un. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀, àgàgà àwọn ọkùnrin, ṣe ń gbé e mì bí itọ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró ní ìlú rẹ̀ náà, tí ayé wá wò. Kò ti àwọn aláàrùn ọpọlọ mọ́lé. Inú ilé àwọn ará abúlé tó yí Àró ká ló fi wọ́n wọ̀ sí, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí kan tó bá wọn wá. Bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á lọ gbàtọ́jú nílé ìwòsàn. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á bá àwọn ará ilé ṣiṣẹ́, wọ́n á bá wọn jẹun, wọ́n á bá wọn tàkúrọ̀sọ. Kò lé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ dànù, ó bá wọn ṣiṣẹ́ ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Bí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ dàrú gan-an bá nílò èèyàn kí ara rẹ̀ tó yá, kí ni kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kàn wúwo ṣe?

Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé ìpinnu tó bá jẹ́ ti ọkàn gbọ́dọ̀ ní orúkọ èèyàn nínú. "N kò ní ronú mọ́" kò ṣeé yẹ̀ wò. "Lọ́jọ́ Sátidé, n ó lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi fún wákàtí kan, n ó sì sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fún un" ṣeé yẹ̀ wò: ẹ lọ, àbí ẹ ò lọ? Ká máa wo sítátọ́ọ̀sì ara wa lórí WhatsApp kò lè dípò èyí. Ìpinnu kejì tí ẹ lè mú bí ti àkọ́kọ́ bá ti mọ́ yín lára ni oorun. Wákàtí méje, ó kéré tán, ni ara àgbàlagbà ń fẹ́. Bí fóònù bá sùn sí pálọ̀, olówó rẹ̀ náà á rí oorun sùn. (Ti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, n kò ní oògùn rẹ̀.) Àwọn àgbà ní iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ló ń pani. Òwe yìí wà fún ọ̀lẹ, kò kan ẹni tó ń fi oorun wákàtí mẹ́ta ṣòwò.

Bí ìbànújẹ́ bá wá wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ kò lọ, tí oorun sá, tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ìyẹn ti kọjá ìpinnu ara ẹni, ilé ìwòsàn ló kàn. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin ọdún 1958, tó jẹ́ pé wèrè nìkan ló mọ̀. Ó kù kí ẹnu àwa náà yí padà.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí la ti máa ń ṣe àṣejù. Ààwẹ̀ ọjọ́ 21, àìsùn ní gbogbo òru, kí gbogbo rẹ̀ sì dáwọ́ dúró kí oṣù tó parí. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú ní í nini lára. Àwọn Mùsùlùmí mọ ọ̀rọ̀ Ànábì pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ni èyí tí èèyàn dúró tì, bó tilẹ̀ kéré. Ìrun márùn-ún òòjọ́ gan-an ti pín ìjọsìn sí wẹ́wẹ́ fún wọn. Kìrìsítẹ́nì tó ń ka sáàmù kan láràárọ̀ láì yẹ̀, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó ń jí kí orí rẹ̀ kó tó kí ẹnikẹ́ni, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó gbààwẹ̀. Kùránì pàápàá yọ aláìsàn sílẹ̀.

Báwo la ṣe ń yẹ ti ẹ̀mí wò? Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ràn ju kíka iye wákàtí àdúrà lọ: ta ni mò ń yàn lódì báyìí? Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀. Bí orúkọ kan náà bá wà níbẹ̀ nígbà tí ọrọọrún bá tún pé, ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ wà, bí ẹ tilẹ̀ ṣe gbogbo àìsùn oṣù náà.

Kàlẹ́ńdà ara ògiri ti tó fún gbogbo èyí, pẹ̀lú bírò tí ẹ fi okùn so mọ́ ọn kí àwọn ọmọ má baà gbé e lọ. Ìlà mẹ́ta ni: ara, ọkàn, ẹ̀mí. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é, ẹ fa àmì. Ọjọ́ tí ẹ kò bá ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo, ẹ má ṣe ṣàlàyé. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ ìyẹ̀wò, ẹ wo ẹ̀yìn: kí ló gbé àwọn ọjọ́ òfìfo yẹn wá? Òjò ni? Àlejò ni? Àbí ẹrù náà ló pọ̀ jù? Bí ìlà kan kò bá ní àmì rárá fún ọrọọrún mẹ́ta léraléra, ẹ pa ìpinnu náà rẹ́, kí ẹ kọ èyí tó kéré jù ú lọ sípò rẹ̀. Ẹni tí ìrìn ìṣẹ́jú 30 bá ń nira fún, kó rin mẹ́wàá. Ẹni tí kò lè lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó pè é lórí fóònù, kó sì jẹ́ kó gbọ́ ohùn òun.